Aṣọ Ìborí Ìyá Mi, Tí Bàbá Mi Fẹ́ Fi Wọ Bàálù

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí àwọn ará Ugbonla tó fi irọ́ kún un: bàálù kékeré yẹn kò já. Ó balẹ̀ ni, lórí iyanrìn etí òkun Abereke, ìlú wa, lọ́sàn-án gangan, wọ́ọ́rọ́wọ́, bíi lékelèké tó ti rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú sókè.

Mo wálé fún ìsinmi láti kọ́lẹ́ẹ̀jì nígbà náà. Ọkùnrin kan ṣoṣo ló sọ̀kalẹ̀, òun ló ni bàálù náà, òun ló sì ń wà á. Ó máa ń fi gbé àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ epo. Ó yẹ inú bàálù wò, ló bá gbá orí ara rẹ̀.

"Epo kún tánkì apá òsì! Ti apá ọ̀tún ni mo ń lò bọ̀, mo gbàgbé láti yí i sí èyí tó kún!"

Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ta ni kò ṣe é rí nínú àwa apẹja? Kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù méjì nínú ọkọ̀ ojú omi, rọ́bà tí ẹ́ńjìnnì fi ń fa epo wà nínú ọ̀kan, ọ̀rọ̀ dùn lẹ́nu, ẹ́ńjìnnì á kú láàárín òkun, kẹ́ẹ̀gì kejì á sì kún dẹ́mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ẹni.

"Ẹ káàbọ̀ sẹ́gbẹ́ wa, ọ̀gá," ni bàbá mi wí. "Níṣojú àna mi lèmi ṣe tèmi."

Omi òkun ti ń kún bọ̀. A to igi roboto sábẹ́ táyà bàálù, a fi orin fà á bí ìgbà tí a bá ń fa ọkọ̀ tuntun, títí ó fi dé ibi tí iyanrìn ti le. Ọkùnrin náà ní kí ni òun lè fún wa.

Bàbá mi nawọ́ sójú òkun. "Òkun ti gba ilé tí wọ́n bí mi sí, ó wà lábẹ́ omi lọ́hùn-ún. Ṣé òpó rẹ̀ á hàn láti òkè?"

"Bàbá, mo rí nǹkan dúdú kan tó tò lọ lábẹ́ omi."

"Òpó ni!"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹja ni," ni àbúrò bàbá mi wí.

"Ẹja wo ló ń tò bí ọmọ iléèwé?"

Bàbá mi gba aṣọ ìborí ìyá mi, ó fi so fìlà mọ́ orí, ó wọ inú bàálù lọ jókòó, ó ní kí ọkùnrin náà gbé òun lọ wò ó.

"Bàbá wọn, tí ẹ bá dé ọ̀run, ẹ bá mi kí ìyá mi," ni ìyá mi wí.

Ṣùgbọ́n omi ti jẹ iyanrìn kù tín-ín-rín. Ọkùnrin náà wò ó, ó mi orí. "Bàbá, ẹ má bínú. Àwa méjì á wúwo jù. Màá padà wá gbé yín."

Bàbá mi rọra sọ̀kalẹ̀. Bàálù sáré, táyà rẹ̀ fara kan ìfófòó omi, ó gbéra.

Kí òjò ọdún kejì tó dá, òkun ti gbé iyanrìn náà lọ. Bàbá mi mọ̀ pé kò sí ibi tí bàálù lè bà mọ́. Síbẹ̀, tó bá ti gbọ́ ìró lókè, á mú aṣọ ìborí yẹn jáde. Hẹlikọ́pítà àwọn elépo á kọjá.

"Kì í ṣe tiwa," á wí, á wọlé.

Bàbá mi ti lọ sọ́run báyìí. Ilé tí òun náà kọ́ ti bá omi lọ. Igbokoda ni mò ń gbé. Ìyàwó mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọrùn mi á gùn lọ́jọ́ kan nítorí wíwo bàálù lókè. Kò burú. Mo kàn fẹ́ kí ẹnì kan gbé mi gòkè lẹ́ẹ̀kan péré, kí n wò ó bóyá òpó ilé bàbá mi ti tò tẹ̀ lé òpó ilé tí wọ́n bí i sí.

Ọ̀kan tún kọjá láàárọ̀ yìí. Kì í ṣe tiwa.