Bí A Ṣe Gba Ìwé Àṣẹ Ilé Ìdáná Wa

Ọjọ́ tí atẹ́gùn gbé òrùlé ilé ìdáná wa lọ, iṣu wà lórí iná, èmi náà sì dúró tì í. Òjò ọjọ́ náà kò tilẹ̀ tíì bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Mo kàn gbọ́ ariwo gbàràgàdà lókè orí mi, páànù gbéra, ó fò kọjá ògiri ẹ̀yìnkùlé, ó lọ balẹ̀ sí àgbàlá aládùúgbò wa. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, òjò ti ń rọ̀ sínú ìkòkò iṣu mi.

Ìyá ọkọ mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, wọ́n rí gbogbo rẹ̀. Ẹ̀rín ni wọ́n bú sí. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ẹ̀gbẹ́ mú.

"Ìyàwó mi, sáré wọlé o, kó má baà gbé ìwọ náà lọ!"

Ilé ìdáná yẹn, àtíbàbà lásán ni. Ẹ̀yìnkùlé ló wà, ó jìnnà sí ilé, òpó igi àti páànù àlòkù ni wọ́n fi ṣe é. Láti ìgbà tí mo ti ṣe ìyàwó wá sí Ẹ̀jìgbò láti Másífà ni mo ti ń dáná níbẹ̀, lẹ́yìn tí mo bá ti dé láti sukúù alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo ti ń ṣe tíṣà. Bí òjò bá ń rọ̀, n óo fi ọwọ́ kan di agboòrùn mú, n óo fi ọwọ́ kejì ro ọbẹ̀. Ìyá ọkọ mi, tí a máa ń pè ní Màmá, kò gbà rárá pé ilé ìdáná nìyẹn. Ọdún púpọ̀ ni wọ́n fi ṣòwò ní Àbíjàn kí wọ́n tó padà wálé, wọ́n sì máa ń sọ pé lọ́dọ̀ àwọn níbẹ̀, inú ilé ni kuisíìnì máa ń wà. Bí àwọn elédè Faransé ṣe ń pe ilé ìdáná nìyẹn, bí Màmá náà sì ṣe ń pè é nìyẹn.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bí a ti ń jẹ iṣu tó ti rin gbingbin, ọkọ mi gbójú sókè.

"A ò ní í kan páànù yẹn padà mọ́," ó ní. "Inú ilé la óo gbé ilé ìdáná wọ̀."

N kò mọ bí mo ṣe dìde. Mo mú ìró kan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọn ògiri kiri: síńkì níbí, sitóòfù gáàsì níbẹ̀, ibi tí n óo to àwo sí rèé. Ọkọ mi ní kí n wá jẹun. Mo ní ebi ò pa mí mọ́.

Èrò wa nígbà náà ni pé ká fa yàrá kékeré kan yọ lẹ́yìn ilé, ká sì lu ògiri kí ilẹ̀kùn lè wọ ibẹ̀ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bíríkìlà wa ní iṣẹ́ kékeré ni, kò gba ìwé kankan. Nínú ọ̀sẹ̀ yẹn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ìpìlẹ̀. Àmọ́ nígbà tí mo ti sukúù dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, n kò bá a níbẹ̀ mọ́. Màmá ni mo bá, wọ́n dúró ti ògiri, wọ́n ń wo ọ̀dà pupa tí àwọn kan ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kọ nǹkan sí i lára.

"Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?" wọ́n bi mí.

"Wọ́n ní ká dá iṣẹ́ dúró, Màmá."

"Ta ló ní bẹ́ẹ̀?"

"Ìjọba ni, Màmá. Àwọn táun-pílánínì, àwọn tó ń rí sí bí èèyàn ṣe ń kọ́lé láàárín ìlú."

Wọ́n tún wo ọ̀dà náà. "Wọn ì bá kúkú kun gbogbo ògiri náà fún wa," wọ́n ní, wọ́n sì wọlé lọ.

Lọ́jọ́ kejì, èmi àti ọkọ mi lọ sí ọ́fíìsì wọn. Lójú ọ̀nà, mo ti ń ro bí wọn óo ṣe jágbe mọ́ wa àti bí a óo ṣe bẹ̀bẹ̀. Obìnrin kan tí mo fi díẹ̀ jù lọ́jọ́ orí ló jókòó nídìí tábìlì. Nígbà tí a sọ ohun tó gbé wa wá, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ilé ìdáná lẹ fẹ́ ṣe? Ó mà dáa o. Èmi náà ò fẹ́ràn èéfín. Ẹ jókòó."

Ó ṣàlàyé fún wa ní pẹ̀lẹ́tù. Bí èèyàn bá fẹ́ lu ògiri, tó sì fẹ́ fi yàrá kún ilé, bó tilẹ̀ jẹ́ ilé ìdáná, àwọn ní láti mọ̀ bóyá ilé náà lè gbà á, ibi tí ooru yóò gbà jáde, àti ibi tí omi ìdọ̀tí yóò máa ṣàn sí. Ká lọ bá ẹni tó mọ àwòrán ilé yà, ká mú ìwé ilẹ̀ wá, ká sì mú ìwé pé ẹni tó ni ilé fọwọ́ sí i. Òun fúnra òun yóò wá wò ó.

Bí a ti jáde, ọkọ mi ń kùn pé iṣẹ́ ti pọ̀ sí i. Èmi ń rẹ́rìn-ín ní tèmi. Láti ìgbà tí mo ti ń gbèrò ilé ìdáná, n kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni á fi ojú ńlá wò ó tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ayàwòrán-ilé gbé pílánù náà dé, mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì, mo fi ìka mi rìn nínú rẹ̀. Mo gba ẹnu ọ̀nà wọlé, mo yà sídìí síńkì, mo yíjú sí sitóòfù, mo tún jáde. Mo gbé e lọ sí sukúù. Tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi kan bi mí bóyá máàpù Ẹ̀jìgbò ni mo fẹ́ fi kọ́ àwọn ọmọ. Mo ní rárá o, ibi tí n óo ti máa din àkàrà ni.

Ọjọ́ tí obìnrin ọ́fíìsì yẹn wá, mo ti gbálẹ̀ títí dé ẹnu títì. Ó mú tépù jáde, ó wọn ibi ìpìlẹ̀ tí a ti gbẹ́, ó wo ìdérí kòtò ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wa, ó sì mi orí.

"Ẹ wo kòtò ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yín, ẹ wo ibi tí ẹ ti fẹ́ máa se oúnjẹ. Wọ́n ti sún mọ́ra jù. Mi ò lè fọwọ́ sí èyí."

Ó dà bíi pé ẹnìkan gba pílánù náà lọ́wọ́ mi. "Ṣé kò sí ọgbọ́n tí a lè dá sí i?" mo bi í.

"Ó wà, bí ẹ bá lè gbé e lọ sí iwájú ilé, lápá títì. Yàrá wo ló wà níbẹ̀?"

Èmi àti ọkọ mi wo ojú ara wa. Yàrá Màmá ló wà níbẹ̀, òun ló tóbi jù, òun ló sì ń gba afẹ́fẹ́ jù nínú ilé. Láti ìgbà tí wọ́n ti dé láti Àbíjàn ni wọ́n ti wà nínú rẹ̀.

"Ibẹ̀ ò ṣe é lò," mo yára wí. "Yàrá Màmá ni."

"Ta ló ní kò ṣe é lò?"

Màmá ni. Wọ́n ti fi ọ̀pá tẹlẹ̀ dé ẹ̀yìn wa láìjẹ́ pé a gbọ́. Obìnrin yẹn ni wọ́n kọjú sí, bí ẹni pé èmi àti ọmọ wọn ò sí níbẹ̀.

"Ọmọ mi, gbọ́. Èmi nìkan ni mo máa ń jókòó sí yàrá yẹn. Ẹ̀yìnkùlé ni àwọn wọ̀nyí máa ń wà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dáná, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣeré. Mo máa ń gbọ́ ẹ̀rín wọn, mi ò sì ní í mọ ohun tí wọ́n ń fi rín. Ọjọ́ tí ẹsẹ̀ mi bá gbà fún mi nìkan ni mo ń dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. Ẹ gbé kuisíìnì wá síbẹ̀, kí gbogbo wa jọ wà níbẹ̀. Yàrá kejì tó mi í sùn. Kí ni mo fẹ́ fi fèrèsé ṣe lójú oorun?"

Omi lé ròrò sójú mi, ẹ̀rín sì ń gbọ̀n mí. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀. Obìnrin yẹn ká tépù rẹ̀.

"Màmá, ṣé ẹ lè wá sọ bẹ́ẹ̀ ní ọ́fíìsì wa?"

"Jẹ́ kí n wọ bàtà."

Kì í ṣe ọjọ́ yẹn ni wọ́n lọ ṣá. Orúkọ bàbá ọkọ mi tó ti kú ló wà lórí ìwé ilẹ̀, àkọ́bí wọn tó wà ní Àbíjàn sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ọkọ mi pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù, èyí tí a fi ń rí ojú ara wa. Kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi gbaná jẹ.

"Kí ni mò ń gbọ́ yìí? Ẹ fẹ́ lé ìyá mi kúrò nínú yàrá wọn nítorí ìkòkò?"

"Ẹ má bínú, Bùọ̀dá, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé fún yín."

"Kò sí àlàyé níbẹ̀! Ṣé torí pé mi ò sí nílé ni?"

Màmá na ọwọ́, wọ́n gba fóònù. Etí ni wọ́n gbé e sí, etí wọn nìkan sì ni ọmọ wọn ń rí.

"Ṣé ìwọ lo máa ń sùn níbẹ̀?"

"Màmá, ẹ káàárọ̀ mà. Mi ò kàn fẹ́ kí wọ́n..."

"Mo ní, ṣé ìwọ lo máa ń sùn níbẹ̀? Èmi ni mo ní kí wọ́n ṣe é. Sé ma kuisíìnì!"

Ilé ìdáná mi ni, ohun tí wọ́n sọ ní Faransé nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni a gbọ́ tí ẹ̀rín bú jáde láti Àbíjàn. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi rẹ́rìn-ín débi pé ó ń wúkọ́.

"Dákọ̀ọ̀, Màmá," ó ní. "Dákọ̀ọ̀. Mo ti gbà."

Ìwé tó fọwọ́ sí bá bọ́ọ̀sì tó ń ti Àbíjàn bọ̀ wá. Mo ti wà ní gáréèjì kí bọ́ọ̀sì náà tó dé, ara mi ò balẹ̀, mo ń wo gbogbo ọkọ̀ tó bá yọ. Nígbà tó yá, dírẹ́bà na ìwé náà sí mi pẹ̀lú àpò àṣẹ̀kẹ́, oúnjẹ gbágùúdá tí Màmá fẹ́ràn jù láti ọ̀hún. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní kí a jẹ́ kó jẹ́ oúnjẹ tí a óo kọ́kọ́ sè níbẹ̀. Màmá ò dúró de ilé ìdáná kankan. Wọ́n jẹ ẹ́ tán kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí.

Nígbà tí ayàwòrán-ilé wá tún pílánù yà, Màmá jókòó tì í. Fèrèsé kékeré ló fi sí apá títì, ó ga sókè.

"Bí mo bá jókòó, ṣé mo lè rí ẹni tó ń kọjá?" Màmá bi í.

Ó rò ó wò. Ó gbé àga sínú yàrá, ó ní kí Màmá jókòó, ó sì fi tépù wọn láti ilẹ̀ dé ibi ojú wọn. Ó pa fèrèsé tó yà tẹ́lẹ̀ rẹ́, ó ya òmíràn tó fẹ̀, tó sì wálẹ̀. Màmá ní kó tún fẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sí i, kí àwọn lè rí ẹni náà kó tó dé ọ̀kánkán. Ó tún fẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ tí wọ́n pè wá pé ìwé àṣẹ ti jáde, mo tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá mi ní sukúù, gbogbo wa sì wọ kẹ̀kẹ́ lọ. Màmá wọ léèsì, wọ́n lé tìróò. Obìnrin ọ́fíìsì yẹn bi wọ́n léèrè níwájú ọ̀gá rẹ̀ bóyá wọ́n fọwọ́ sí i tọkàntọkàn. Wọ́n ní kí wọ́n tó bí i ni àwọn ti ń fọwọ́ sí irú nǹkan báyìí. Ó gbé òǹtẹ̀, ó lù ú mọ́ pílánù náà: gbà!

"Ẹ jọ̀ọ́," mo wí, "ṣé ẹ lè tún un lù kí n gbọ́?"

Gbogbo ọ́fíìsì bú sẹ́rìn-ín. Ó wá bébà kan tí wọn ò lò mọ́, ó lù ú sí i fún mi: gbà! Màmá di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n ní Ọlọ́run á fi àlùbáríkà sí iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí a ń padà, wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá wọn gbé pílánù náà. Wọ́n na ìka sí i, wọ́n ń fi han ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́: "Fèrèsé mi nìyí." Ọkùnrin náà ní ó dára, Màmá, àmọ́ títì lòun ń wò.

Bíríkìlà padà wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Nígbà tó lu ògiri tó dojú kọ títì, tí búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́ jábọ́ síta, oòrùn wọlé gbọọrọ dé ibi tí n kò rí i rí nínú ilé yẹn. Mo pàtẹ́wọ́. Ó ní kí n sún sẹ́yìn, kí eruku má baà bò mí. N kò sún.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dáná níbẹ̀, ìrẹsì àti ẹja ni mo sè. Màmá ti gbé àga sídìí fèrèsé láti òwúrọ̀. Wọ́n kí àwọn tó ń lọ sóko, wọ́n kí ọlọ́kadà tó gbé èrò Ifẹ̀-Ọ̀dàn, wọ́n kí obìnrin kan tó ru iṣu bọ̀ láti Ola. Bí òórùn ọbẹ̀ ti ń jáde, gbogbo ẹni tí wọ́n bá kí ni wọ́n tún ń pè.

"Ẹ yà wọlé, oúnjẹ ti jinná!"

Àwọn kan rò pé ẹnu lásán ni, wọ́n dúpẹ́, wọ́n kọjá. Àwọn mìíràn yà. Obìnrin oníṣu sọ ẹrù rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí táìlì tuntun, ó ń fi ọwọ́ pa á, ó ní ó tutù dáadáa. Nígbà tí mo fi máa bojú wo ìkòkò, èépá ló kù nísàlẹ̀, Màmá sì tún ti yọ orí síta, wọ́n ń pe ẹlòmíràn. Mo bu ìrẹsì mìíràn, mo ṣàn án nínú síńkì, mo sì tún iná dá.