Mo Bọ́ Bàtà, Mo Tẹ Bíréékì

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ọkọ̀ mi ti ń han fíìn-ín-ìn bí mo bá ti tẹ bíréékì. Gbogbo ẹni tí mo bi léèrè ló ní eruku ni. Àsìkò ọyẹ́ ni lóòótọ́: eruku pupa bo ewé kòkó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà Odigbo, ó bo ojú fèrèsé, ó bo aṣọ tí mo sá. Kí ló dé tí kò ní bo bíréékì? Mo gbà bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ ni mí, bàtà tí mo ń wọ̀ lọ sílé ìwé ní Ore sì nípọn nísàlẹ̀. Bí nǹkan kan bá ń ṣe bíréékì, ẹsẹ̀ mi kò lè mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ Ìsinmi kan ni ọ̀rọ̀ yí padà. Inú ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n bí wa sí, ẹni tó bá sì ti wọ sùtánà kì í wọ bàtà mọ́, ì báà wakọ̀, ì báà fẹsẹ̀ rìn. Ọjọ́ ìdúpẹ́ màmá mi ni. Wọ́n ti ṣàìsàn tí ọkàn gbogbo wa kò balẹ̀, Ọlọ́run sì gbé wọn dìde. Ilé àdúrà ńlá tó wà ní Ore, ní òdìkejì títì márosẹ̀, ni wọ́n ní àwọn ti máa dúpẹ́. Èmi ni mo máa gbé wọn láti Odigbo, àwọn àti ìyá méjì tí wọ́n jọ máa ń lọ sí ìṣọ́ òru. Mo wọ sùtánà tèmi, mo bọ́ bàtà, màmá mi sì jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Àwọn ìyá méjèèjì wà lẹ́yìn, agbọ̀n èso ìdúpẹ́ wà lórí itan wọn.

A kò tíì kúrò nínú ìlú tí orin ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ìyá wa kì í kọrin kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, tàtẹ́wọ́-tàtẹ́wọ́ ni. Bí ọkọ̀ bá tiẹ̀ ń han, ta ló máa gbọ́? Àmọ́ ewúrẹ́ kan bọ́ sójú ọ̀nà, mo tẹ bíréékì, nǹkan sì gbọ̀n rìrì lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ mi. Mo tún un tẹ̀, ó tún gbọ̀n. Ẹsẹ̀ mi lọ sísàlẹ̀ ju ibi tó máa ń dé kí eré ọkọ̀ tó dín kù, iwájú ọkọ̀ sì ń fà sápá òsì.

“Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ dákẹ́ díẹ̀ kí n gbọ́ nǹkan.”

Ta ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún àgbà tó ń yin Ọlọ́run? Inú ọkọ̀ pa lọ́lọ́. Mo tẹ bíréékì, gbogbo wa sì jọ gbọ́ ọ: irin ń ha irin, gàràrà. Kì í ṣe ohùn tí wọ́n pè ní eruku mọ́.

“Ọma mi, máa lọ,” màmá mi wí. “Ọlọ́run tó gbé mi dìde lórí bẹ́ẹ̀dì kò ní fi mí sílẹ̀ lọ́nà ilé rẹ̀.”

“Mo mọ̀, Mọ́mì. Àmọ́ ẹ rántí títì tí a fẹ́ sọdá.”

Kò sí ẹni tí kò mọ oríta Ore. Tírélà tó ń bọ̀ láti Bìní kì í bèèrè ẹni tó ń lọ dúpẹ́. Mo rò ó pé ìyá tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rí gbà padà, èmi ni mo fẹ́ fọwọ́ ara mi gbé wọn lọ sábẹ́ tírélà yìí. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo fi jíà kékeré fa ọkọ̀ náà títí eré fi tán lára rẹ̀, mo sì yà á sábẹ́ igi kan.

“O dúró,” màmá mi wí.

“Mo dúró, mà.”

“Lọ́jọ́ ìdúpẹ́ mi.”

“Torí kí ẹ lè dúpẹ́ náà ni, mà.”

Mo ní kí n dá ọ̀kadà dúró fún wọn. Wọ́n wo sùtánà wọn tó funfun báláú, wọ́n wo eruku ọ̀nà, wọ́n wá wò mí. Inú ti ń bí èmi náà; ta ni wọ́n rò pé mo ń ṣe é fún?

Mo pe mẹkáníìkì mi. Láti ṣọ́ọ̀ṣì ló ti wá, tòun ti kóòtù àti táì. Ó fi kóòtù kọ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó ki táì bọ inú ṣẹ́ẹ̀tì, ó fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè, ó sì tú táyà iwájú. Páàdì ló máa ń di àwo irin tó wà lẹ́yìn táyà mú kí ọkọ̀ tó lè dúró. Tèmi ti jẹ tán pátápátá, irin ìdí rẹ̀ nìkan ló kù, ó sì ti ha àwo náà ní ilà-ilà. Màmá mi nawọ́ gbà á. Wọ́n yí i síwá sẹ́yìn, dúdú rẹ̀ yí mọ́ sùtánà funfun náà, wọn kò bìkítà.

“Irin lásán,” ni wọ́n wí. “Irin lásán lò ń tẹ̀ láti ilé.” Wọ́n jókòó sórí koríko.

Mẹkáníìkì gun ọ̀kadà lọ ra páàdì àti àwo tuntun, ó pààrọ̀ tọ̀tún, ó pààrọ̀ tòsì, ó ní kí n dán an wò. Kò gbọ̀n, kò jìn, kò fà síbì kan. Ibi tí mo ní kí ọkọ̀ dúró gan-an ló dúró sí. Mo bú sẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́. Ara tù mí bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀. Àwọn ìyá ẹ̀yìn gbé orin wọn níbi tí mo ti dá a dúró, èmi náà sì gbè é. Ìparí ìsìn la bá, àmọ́ màmá mi jó tàbàwọ́n-tàbàwọ́n dé iwájú pẹpẹ.

Láti ìgbà tí mo ti ń wakọ̀, màmá mi kò sùn nínú ọkọ̀ mi rí. Wọ́n á di ilẹ̀kùn mú, wọ́n á la ojú sílẹ̀ kedere, wọ́n á máa pe Jésù ní gbogbo kọ́nà. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, bí a ṣe ń padà sí Odigbo, tírélà kan yọ sí wa lójijì ní oríta. Mo tẹ bíréékì, ọkọ̀ dúró. Mo yíjú sí màmá mi kí n sọ pé kí wọ́n má bẹ̀rù. Wọ́n ti sùn lọ fọnfọn, ẹnu wọn là díẹ̀, wọn kò tilẹ̀ mira.