Ọṣẹ Aládàbà tí Ìyá Àgbà Sè ní Agọ́ṣáṣá

Ní ọdún tí ìjọba ti ẹnubodè pa, ìyá tó bí bàbá mi se ọṣẹ líle kan ní Agọ́ṣáṣá, ọṣẹ tí kò sí irú rẹ̀ ní ìlú wa tẹ́lẹ̀. Eérú àti àdín ni ó fi sè é, ó sì le dé ibi tí èdìdì ti lè hàn lára rẹ̀ kedere. Mo sọ èyí ṣáájú, nítorí ohun tí mo fẹ́ ròyìn ni bí ọwọ́ ṣe tẹ̀ ẹ́.

Ìkòkò ń hó lọ́wọ́, ó ń dún bí ẹni tó ń rìn nínú ẹrẹ̀. Òórùn àdín gbígbóná ti gba ẹ̀yìnkùlé. Èmi, ọmọbìnrin ọdún mẹ́wàá, jókòó ti àjẹ̀rẹ̀ tí a kó eérú sí, mo ń wo omi pupa tó ń kán láti ìdí rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni obìnrin kan láti Owódé ti bá wa. Aládàbà ni gbogbo ayé ń pè é. Kí wọ́n tó ti ẹnubodè, ó máa ń ra ọṣẹ gbọọrọ láti òdìkejì, á gé e wẹ́wẹ́, á sì lu èdìdì ẹyẹ àdàbà tó jogún lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ sí i lára. Àwọn ènìyàn a ra àdàbà náà láìbéèrè ẹni tó se ọṣẹ.

Ó tú aṣọ ìnujú, ó mú ègé ọṣẹ kékeré kan jáde, èyí tó ṣẹ́kù.

“Màmá, ọṣẹ bí èyí ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi sè. Ẹ̀yin mọ ọṣẹ sè, èmi mọ àwọn tó ń rà á. Bí ọjà mẹ́ta bá tún kọjá tí wọn ò rí àdàbà mi, wọ́n á gbàgbé mi nìyẹn.”

Ìyá àgbà gbóòórùn rẹ̀, ó fi èékánná ha á, ó fi ahọ́n kàn án. “Eléyìí le bí orí ọkọ mi,” ni ó wí. Ọṣẹ dúdú tó rọ̀, tí a ń fi ewé dì, ni tirẹ̀. Síbẹ̀, kò lé obìnrin náà padà.

Ọṣẹ ìkòkò àkọ́kọ́ rọ̀ bí ẹ̀kọ. Èdìdì wọlé, kò jáde mọ́.

“Àdàbà rẹ ti rì,” ni ìyá àgbà wí.

“Màmá, ẹ bá mi yọ ọ́ kó tó mu omi yó!”

Ọjà kan kọjá, èkejì tẹ̀ lé e. Aládàbà wá rántí pé òun ti gbọ́ lẹ́nu àwọn ará òdìkejì pé omi iyọ̀ ni wọ́n ń dà sí i. Ìyá àgbà dà á sí ìkòkò kejì. Ọṣẹ ya kúrò lára omi, ó léfòó bí wàrà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti le. A lu èdìdì, ìyẹ́ àti ẹnu ẹyẹ náà sì hàn gbangba. Aládàbà jó yí ẹ̀yìnkùlé ká, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọṣẹ sínú agbọ̀n, nítorí ọ̀la ni ọjà kẹta.

Ìyá àgbà gbé ọwọ́ lé agbọ̀n náà. Ní ilé wa, ọṣẹ kì í jáde láìjẹ́ pé ẹni tó sè é kọ́kọ́ fi fọ ojú ara rẹ̀, lójú ẹni tó fẹ́ tà á.

“Ayọ̀ ló mú mi gbàgbé. A ti lu èdìdì kí n tó fi fọ ojú. Ẹ bu omi wá.”

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ọjà ọ̀la ni ìkẹta!”

Ìyá àgbà mú ègé ọṣẹ kan. Ó fọ ojú rẹ̀, ó sì dúró. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ́n díẹ̀díẹ̀. “Ó ń jẹ mí,” ni ó wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

Aládàbà wò ó títí. Lẹ́yìn náà, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an, ó ti ọwọ́ bọ inú igbá omi, ó sì fọ tirẹ̀.

“Yéè! Ata ni!” Ó fi etí ìró nu ojú, ó sì dá agbọ̀n náà padà fúnra rẹ̀. “Àdàbà mi ò ní bó ojú ọmọ ọlọ́mọ.”

A ha èdìdì náà kúrò lára gbogbo ọṣẹ, a sì dá wọn padà sínú ìkòkò. Lọ́jọ́ kejì, Aládàbà lọ jókòó nídìí àtẹ òfìfo ní Owódé. Ẹni tó bá béèrè ọṣẹ, ojú rẹ̀ tó pọ́n ni ó ń nà sí i: “Ẹ wò ó. Ohun tó ṣe mí báyìí ni mi ò fẹ́ tà fún yín. Ẹ ní sùúrù.” Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n dúró dè é.

Nínú ìkòkò kẹta, ìyá àgbà fi omi iyọ̀ fọ ọṣẹ náà lẹ́ẹ̀mejì kí omi eérú tó ń ta ojú lè jáde lára rẹ̀, ó sì sá a sórí àkéte ọparun fún ọjọ́ mẹ́wàá. Àwọn méjèèjì fi fọ ojú, ojú wọn sì ń dán. Ìgbà náà ni a tó lu èdìdì.

Nígbà tí wọ́n ṣí ẹnubodè, tí ọṣẹ gbọọrọ tún dé, mo rò pé Aládàbà yóò fi wá sílẹ̀. Ó wá, ó mú èdìdì lọ́wọ́, ó ń béèrè ìgbà tí a ó tún gbé ìkòkò kaná.

Mo ti ka ọ̀pọ̀ ìwé láti ìgbà náà, mo sì ti bá ọ̀pọ̀ oníṣòwò tó ní àmì ọjà tiwọn ṣiṣẹ́ pọ̀. Ohun tó kù lọ́wọ́ mi láti ẹ̀yìnkùlé yẹn kò ju igbá omi kan lọ: ohun tí a bá fẹ́ tà, ojú tiwa ni ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kàn. Ní ọjọ́ Ẹtì, ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn tí wọ́n ṣí ẹnubodè, ìyá àgbà jẹ́ kí n dá se odindi ìkòkò kan. Nígbà tí ọṣẹ náà gbẹ, ó bu omi, ó gbé e síwájú mi. Òun àti Aládàbà dúró, wọ́n ń wo ojú mi.