Ìtì Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni Wọ́n Sin ní Ìwàrò-Ọ̀kà

Kọ́púrà Ilésanmí Ògúnsúyì ti kú. Ó kú sí Làìbéríà, níbi tí ìjọba wa rán an lọ pé kó bá àwọn aládùúgbò wa paná ogun. Ìyá rẹ̀, Màmá Àwẹ̀ró, ṣì ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ní Ìwàrò-Ọ̀kà, ó ń dúró de òkú ọmọ rẹ̀ títí di òní tí mo ń kọ èyí.

Ìkàrẹ́ ni èmi àti Ilésanmí jọ kàwé. Bó bá gba ìsinmi, tó bá sọ̀ kalẹ̀ ní Ìkàrẹ́, ẹ̀pà ló máa kọ́kọ́ rà kó tó forí lé ilé ní Ìwàrò-Ọ̀kà. Màmá fẹ́ràn ẹ̀pà, bẹ́ẹ̀ eyín ti tán lẹ́nu rẹ̀. Sójà fìrìgbọ̀n yìí á jókòó ti odó, á máa gún ẹ̀pà kúnná fún ìyá rẹ̀, àwọn ará àdúgbò á máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí nìyẹn. Ta ló ń gún un fún un báyìí?

Nígbà tí ìròyìn ikú dé, ọ̀gá ológun kan wá sọ fún ẹbí pé òkú ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. A gbà á gbọ́. Ẹni tó bá mọ Ọ̀kà mọ̀ pé àpáta ni ilẹ̀ wa. Òòlù ni àwọn géńdé fi fọ́ òkúta kí sàréè tó jìn. Ọjọ́ Ẹtì dé, òkú ò dé. Ọjọ́ Ẹtì mìíràn tún kọjá. Bàbá Abọ́dẹrìn, àgbà ilé wọn, ní sàréè tí a bá ti gbẹ́ kì í wà lófìfo, kó má baà pe ẹlòmíràn. Wọ́n gé ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n fi aṣọ funfun wé e, wọ́n sì sin ín. Màmá ò sunkún.

"Ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kọ́ ni mo bí," ló wí, ó sì wọlé lọ.

Láti ìgbà náà, ayé ti yí. Àwọn ọlọ̀tẹ̀ tó yìnbọn sí Ilésanmí lọ́hùn-ún ti di ẹni ńlá. Wọ́n ń wá sí olú-ìlú wa, a ń tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì fún wọn, wọ́n ń dì mọ́ àwọn ọ̀gá wa lórí tẹlifíṣọ̀n. Èmi ò bá àlàáfíà jà. Ta ló fẹ́ ogun? Ṣùgbọ́n bí ọ̀tá àná bá di ọ̀rẹ́ òní, ṣé òkú wa ló wá di àjèjì?

Bí ọmọ wa bá kú sí ìdálẹ̀ tí apá ò ká a láti gbé e, irun orí àti èékánná rẹ̀ là ń mú wálé sin. Ohun tí Màmá bẹ̀bẹ̀ fún kò ju ìyẹn lọ. Mo gbé ẹ̀bẹ̀ náà dé ọ́fíìsì ìjọba kan. Ọ̀gá ibẹ̀ fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún mi pé àsìkò kọ́ nìyí láti máa fa irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, kó má baà ba àjọṣe orílẹ̀-èdè méjèèjì jẹ́. Ẹ gbọ́ o! Èékánná òkú kan ni yóò ba àjọṣe jẹ́! Wọ́n ń pè wá ní ẹ̀gbọ́n fún gbogbo Áfíríkà. Irú ẹ̀gbọ́n wo ló ń paná nílé aládùúgbò, tí kò mọ ibi tó tẹ́ ọmọ tirẹ̀ sí?

Ẹ̀yin ìjọba, ibo lẹ sin ín sí? Ta ló sin ín? Ta ló rán ọ̀gá yẹn pé kó wá dá ọjọ́ Ẹtì fún wa?

Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, mo bá Màmá lẹ́nu ọ̀nà, òun nìkan. Ó ti gbálẹ̀, ó ti gbé odó síta. Mo ti ra ẹ̀pà dání, mo ní kí n bá a gún un. Ó mi orí.

"Fi sílẹ̀, ọmọ mi. Ẹni tó ń gún un ń bọ̀ wá ulé."

Mo gbé ẹ̀pà náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ odó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rán ọmọ rẹ̀ lọ, ẹ wá síbẹ̀, kí ẹ dá a lóhùn.