Ọ̀gá Abẹ́rẹ́ àti Àlejò Inú Gíláàsì

Ọjọ́ tí ìkarahun mú Ọ̀gá Abẹ́rẹ́, wákàtí kan gbáko ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ síwájú àpótí gíláàsì tí wọ́n ń sin ẹja sí. Aránṣọ ni wọ́n. Téèpù ìwọnṣọ kì í kúrò lọ́rùn wọn àfi bí wọ́n bá ń wẹ̀. Wọ́n tẹ̀ síwájú láti wo ìkarahun kan tó wà lára òkúta inú omi, etí téèpù bá já sómi. Ìkarahun yánu, ó pa á dé. Ó ti gbá téèpù mú.

Wọn ò fẹ́ fà á, kí ó má baà ṣèṣe. Wọn ò fẹ́ gé e, torí ọ̀gá tó kọ́ wọn níṣẹ́ ló fún wọn ní téèpù náà. Oníbàárà kan wọlé, ó fẹ́ dá ṣòkòtò.

"Ọ̀gá, ẹ dìde kí ẹ wá wọ̀n mí."

"Dúró síbẹ̀ yẹn. Ojú ni mo fi ń wọ̀n ẹ́."

Nígbà tó yá, ìyàwó wọn, Màmá, ti kíṣínì jáde. "Bàbá, kí lẹ ń wá níbẹ̀ látàárọ̀?"

"Ó mú mi."

"Ṣé ẹ ò lè bọ́ téèpù yẹn kúrò lọ́rùn ni?"

Ọ̀gá Abẹ́rẹ́ fọwọ́ kan téèpù ọrùn wọn. "Mo mọ̀," ni wọ́n wí. "Sùúrù ni mo ń bá a ṣe."

Ṣòkòtò yẹn, ẹsẹ̀ kan gùn ju èkejì lọ. Oníbàárà gbé e padà wá. Ọ̀gá Abẹ́rẹ́ wò ó lókè, wọ́n wò ó nílẹ̀, wọ́n ní ẹsẹ̀ ẹ̀ ni kò dọ́gba.

Ẹnikẹ́ni ò ra ìkarahun yẹn. Òkúta ni wọ́n rà, òkúta inú òkun, kí ẹja mẹ́rin tí wọ́n ń sin nínú omi oníyọ̀ lè ríbi sá sí. Ìkarahun ti wà lára ẹ̀, ó wọkọ̀ ọ̀fẹ́ wálé. Wọ́n rò pé kókó ara òkúta ni, títí ó fi lanu lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Wọ́n sọ ọ́ ní Àlejò.

"Ìgbín ni," ni Ọ̀gá Abẹ́rẹ́ wí.

"Ìgbín wo ló ní ìkarahun aláwẹ́ méjì?" ni Màmá bi wọ́n.

"Ìgbín tó lówó."

Wọ́n fún un ní búrẹ́dì. Kò jẹ. Wọ́n fún un ní pupa ẹyin. Kò jẹ. Wọ́n fún un ní ìrẹsì, ẹyọ kan, bí ẹni ń fún ọmọ lóògùn. Ẹja ló ń kó gbogbo ẹ̀ jẹ. Wọ́n yó débi pé wọn ò lè sá wọ ihò òkúta mọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni Àlejò ṣe pa dé. Ọjọ́ mẹ́sàn-án, kò ṣí.

Màmá ní, "Tó bá kú síbẹ̀, á jẹrà, á ba omi jẹ́, ẹja mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á bá a lọ. Tí kò bá ṣí títí Sátidé, èmi fúnra mi ni màá yọ ọ́."

"Tí kò bá jẹun, èmi náà ò jẹ," ni Ọ̀gá Abẹ́rẹ́ wí. Ọ̀sán nìkan ni wọn ò jẹ. Nígbà tó dalẹ́, wọ́n jẹ tọ̀sán mọ́ ọn.

Wọ́n lọ bá ọkùnrin tó ta òkúta fún wọn. Ó bi wọ́n pé, "Ọ̀gá, báwo ló ṣe di òkúta mú? Ṣé ó lẹ̀ pẹ́kípẹ́kí bíi pé wọ́n fi símẹ́ńtì mọ ọ́n, àbí okùn ló fi so ara ẹ̀?"

Wọ́n sáré relé, wọ́n gbé awò tí wọ́n fi ń ki okùn bọ abẹ́rẹ́ sójú, wọ́n sáré padà.

"Okùn ni! Tín-ín-rín, ó tó ogún! Ó rán ara ẹ̀ mọ́ òkúta! Aránṣọ ni!"

"Irú ẹ̀ kì í jẹ búrẹ́dì, Ọ̀gá. Ó ń fa omi mu, ó ń sẹ́ ewé wẹ́wẹ́ inú omi jẹ, á sì tu omi tó kù dànù. Ewé yẹn ló wà nínú ìgò yìí. Ẹ pa ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi, ẹ fi síríńjì kán an sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ má fi bọ̀ ọ́ lẹ́nu."

Ọ̀gá Abẹ́rẹ́ gbé ìgò sókè sí ìmọ́lẹ̀. "Ewé ẹ̀ dà?"

"Ojú ò lè rí i."

"Ohun tójú ò rí lo fẹ́ tà fún mi?"

Wọ́n rà á náà ṣá.

Sátidé pé. Wọ́n pa ẹ̀rọ omi. Wọ́n ní kí maṣíìnì ìránṣọ náà dákẹ́, torí ó ń mi tábìlì. Oníbàárà mẹ́ta jókòó láìmí. Màmá dúró tì wọ́n pẹ̀lú ṣíbí ìbùbẹ̀. Wọ́n kán omi ewé sílẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

"Bàbá, ó ti kú."

"Ẹ ní sùúrù."

Ó ṣí, ìwọ̀n ìbú okùn. Ọ̀gá Abẹ́rẹ́ pariwo ayọ̀ débi pé ó tún pa dé.

Ṣùgbọ́n Màmá ti rí i. Wọ́n dá ṣíbí padà sí kíṣínì.

Ọdún mẹ́rin ni Àlejò fi jẹun lọ́wọ́ wọn. Oṣù tó kọjá ni Ọ̀gá Abẹ́rẹ́ papò dà. Èrò kún ilé, kò sẹ́ni tó rántí àpótí gíláàsì. Lọ́jọ́ kẹjọ, ọmọ wọn ọkùnrin wò ó. Àlejò ti pa dé pinpin.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká gbé e fún ọkùnrin tó ta òkúta yẹn."

"Ta lo fẹ́ gbé e fún?"

Màmá ò fọwọ́ kan síríńjì yẹn rí. Wọ́n pa ẹ̀rọ, wọ́n jókòó. Wọ́n fi ipá tẹ̀ ẹ́. Omi ewé pọ̀ jù, gbogbo ẹ̀ ṣú.

"Ẹ rọra, Màmá."

"Gbẹ́nu ẹ dání. Ìṣojú mi ni bàbá ẹ ti ń ṣe é."

Ó pẹ́. Ọmọ náà ti fẹ́ sọ̀rọ̀ nígbà tí ìkarahun là, díẹ̀, ó sì ṣí gbayawu.

Màmá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò fẹ́ tán, omi ojú bá a jáde.

"Jẹun, jàre," ni wọ́n wí fún un. "Ọ̀gá ò sí nílé. Ilé ò tíì tú."

Ọmọ wọn gbé àga mìíràn wá, ó jókòó tì wọ́n.