Oògùn Tí Ọlọ́dà Ń Lò

"Màmá, ṣé ẹ̀yin lẹ ní kí bàbá máa lò ó?"

Nọ́ọ̀sì tó béèrè lè jẹ́ ọmọ fún ìyá náà, kò sì fi ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀sín. Oògùn tí ọkùnrin ń lò kí ara rẹ̀ lè jí níwájú ìyàwó ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àpò ṣòkòtò bàbá ni wọ́n ti yọ ọ́. Ìyá náà wo ilẹ̀. Alágbàfọ̀ ni, kò sí àpò tí ọwọ́ rẹ̀ kì í dé kó tó rẹ aṣọ sómi. Láti ọdún tí àbíkẹ́yìn wọn ti kúrò nílé ló ti ń bá páálí oògùn náà pàdé. Bí ṣòkòtò bá gbẹ, á dá a padà síbi tó wà, á sì pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Ta ni yóò tú ọkọ rẹ̀ síhòòhò?

"Èmi kọ́," ló wí.

Ọlọ́dà ni gbogbo ènìyàn ń pe ọkọ rẹ̀, nítorí ilé kíkùn ni iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì dá, kì í wọn ọ̀dà. Á pò ó nínú garawa, á fi igi kán an sára ògiri, á dúró kó gbẹ, á ní, "Ó kù díẹ̀," bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Nígbà tó wá sọ oògùn kan di méjì láìbi dókítà, nǹkan funfun bẹ̀rẹ̀ sí í fara jọ aró lójú rẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Yẹ́lò ló kàn ń dà kún ọ̀dà kó lè padà funfun lójú rẹ̀. Àfìgbà tí onílé kan wọ pálọ̀ tó ní kí wọ́n kùn ní funfun, tó figbe ta:

"Ọlọ́dà! Ṣé ibà pọ́njú ló ń ṣe ògiri mi ni?"

Àwọn òṣìṣẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Ọlọ́dà náà bá wọn rín in. Kò pẹ́ sí i, ó jí láàárọ̀, ojú ọ̀tún kò ríran mọ́, ni wọ́n bá gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Dókítà kò búra pé oògùn náà ni. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru wà níbẹ̀, ọjọ́ orí náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ fi kún oògùn láìyẹ ara wò, iná ló fi ń ṣeré. Ojú tó lọ ti lọ. Bí bàbá kò bá sì jáwọ́, òun kò lè fọwọ́ sọ̀yà lórí èyí tó kù.

Nígbà tí wọ́n délé, ìyá náà ti ilẹ̀kùn, ó jókòó tì í. Ó mọ̀ pé bí òun bá tún dákẹ́, ojú kejì ló ń lọ yẹn.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lò ó mọ́."

"Ìwọ wá ńkọ́?"

"Èmi bí i báwo?"

"Ṣé ìwọ kọ́ lo máa ń wẹ̀, tí wàá pa àtíkè sọ́rùn, tí wàá wá jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì? Kí ni kí n ṣe? Kí n máa ka igi àjà?"

Ìyá náà gbọ́wọ́ láyà. "Háà! Nígbà tí mo bá gbọ́ tí ẹ ń fa bébà oògùn ya ni mo máa ń lọ wẹ̀. Mo ní ẹ ti gbé e mì ná, kí ojú má baà tì yín. Ó ti pẹ́ tí ẹ̀yìn ti ń dùn mí, Bàbá. Oorun ni mo ń fẹ́."

Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, àtíkè ń pe oògùn, oògùn ń pe àtíkè, kò sì sẹ́ni tó bi ẹnì kejì rẹ̀ léèrè.

"Mo rò pé gbèsè tí ọkọ jẹ ìyàwó ni mò ń san ni," ni Ọlọ́dà wí.

"Ta ló wá sin yín ní gbèsè?"

Ọlọ́dà fọwọ́ wá èjìká ìyàwó rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ tí kò ti ríran, ó gbórí lé e, ó sì ń sunkún. Bí wọ́n ṣe fi gbèsè náà sílẹ̀ láìsan nìyẹn.