Òkúta Tíṣà Nínú Àwo Ìyá Àgbà

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìlọrà, mo fi ojú ara mi rí òkúta kan tó ń hó bí ọṣẹ, bẹ́ẹ̀ ni kò sí iná kankan lábẹ́ rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbà mí gbọ́. Àwọn ọmọ tí mo bí gan-an kò gbà mí gbọ́. Àbíkẹ́yìn wọn máa ń bi mí bóyá mo ti jẹun lọ́jọ́ náà. Ẹ ṣáà jókòó, ẹ jẹ́ kí n rò ó bó ṣe rí. Bí kò bá yé yín nígbà tí mo bá parí, ẹ má dààmú, kò tíì yé èmi náà.

Ọdún tí mo wọ fọ́ọ̀mù wáànù ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ni. Ìgbà náà ni ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn àgùnbánirọ̀ káàkiri, wọ́n sì fún wa ní ọ̀kan tó wá láti ìlú kan létí òkun lọ́hùn-ún, níbi tí wọn kì í ti í sọ Yorùbá. Sáyẹ́ǹsì ló ń kọ́ wa. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ṣòkòtò rẹ̀ sì fẹ̀ nísàlẹ̀ débi pé bó bá ń rìn, a kì í rí bàtà rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń bá gbogbo ayé sọ̀rọ̀, títí kan ìyá alákàrà tó wà lẹ́nu géètì.

Lọ́jọ́ kan, ó gbé àpótí kékeré kan wá sí kíláàsì, òwú ló tẹ́ sínú rẹ̀. Ó mú òkúta kan jáde nínú òwú náà. Kò ju ìka àárín mi lọ, ó rí roboto, ó ń dán, àwọ̀ rẹ̀ dà bí oyin tó ti pẹ́ nínú ìgò, ó sì ṣe ṣóńṣó lẹ́nu bí ọta ìbọn. Wọ́n ti fi íńkì dúdú kọ nọ́ńbà sí i lára. Ó ní ọ̀gá tó kọ́ òun ní yunifásítì ló mú un bọ̀ láti òkè òkun, tó sì fi ta òun lọ́rẹ. Bẹlẹmináìtì ló pè é. Ó ní kì í ṣe òkúta láti ìbẹ̀rẹ̀, egungun inú ẹran omi kan ni. Ẹran náà ní ọwọ́ mẹ́wàá tó yí ẹnu rẹ̀ ká, ó máa ń fi ẹ̀yìn wẹ̀ lọ, bí nǹkan bá sì ń lé e, yóò tu omi dúdú bí íńkì sí i lójú. Ó ní gbogbo wọn ti kú tán pátápátá kí èèyàn àkọ́kọ́ tó dé ayé. Ẹran ara wọn jẹrà, egungun inú ló di òkúta nísàlẹ̀ òkun.

Ọ̀kan nínú wa béèrè ibi tí ọwọ́ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá wà. Òmíràn fẹ́ mọ̀ bóyá ó dùn lọ́bẹ̀. Èmi ni mo mọ àwòrán yà jù, òun ló jẹ́ kí tíṣà fi òkúta náà lé mi lọ́wọ́ kí n lọ yà á nílé. Ó ní kí n dá a padà láàárọ̀ ọ̀la, pé tí mo bá sọ ọ́ nù, òun ò mọ ibi tí òun yóò ti rí òmíràn.

Ọ̀dọ̀ ìyá tó bí bàbá mi ni mo ń gbé. Oníṣàngó ni. Odó Ṣàngó rẹ̀ wà ní igun yàrá, ó dojú dé, àwo wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n àwo náà ṣófo. Ẹdùn àrá tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, òkúta tí wọ́n gbà pé àrá ló ń sọ ọ́ sílẹ̀, bá ògiri lọ lọ́dún tí yàrá náà wó. Wọ́n tú erùpẹ̀ títí, wọn ò rí i. Láti ìgbà náà, bí àwọn oníṣàngó ẹgbẹ́ rẹ̀ bá péjọ, ẹ̀yìn ló máa ń jókòó sí. Kò ráhùn sétí ẹnikẹ́ni. Àràárọ̀ ló ń nu àwo tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ náà, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mò ń yàwòrán mi lọ. Òjò ṣú, ó bẹ̀rẹ̀, àrá sì sán gààrà kan tí ilẹ̀ fi mì. Mo kó ìwé mi, mo sá wọlé. Ìwé nìkan ni mo kó, mo gbàgbé òkúta sí etí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nígbà tí òjò dá, ìyá àgbà jáde lọ wo ìkòkò tó fi gbe omi òrùlé. Nígbà tí mo máa yọjú, ó ti wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀, òkúta tíṣà wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó ń kí Ṣàngó káàbọ̀ sílé.

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ nígbà náà. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́n, ẹ sọ fún mi, báwo lẹ̀ bá ṣe sọ ọ́?

Ó rí nọ́ńbà dúdú ara rẹ̀, kò fẹ́ràn rẹ̀. Ó ní ìdọ̀tí ìrìnàjò ni. Ó gé ọsàn wẹ́wẹ́ bí ẹni tó fẹ́ fọ idẹ, ó fún un sínú abọ́, ó sì fi òkúta sí i. Òkúta bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Ìfóòfó wẹ́wẹ́ ń yọ lára rẹ̀, ó ń dún ṣẹ̀ẹ̀ṣẹ̀ẹ̀. Ìyá gbé etí sún mọ́ abọ́.

"Ó ń mí," ló wí.

Tíṣà ní ó ti kú kí èèyàn tó dé ayé. Ó sì ń mí lójú mi. Orí mi dàrú. Mo ṣáà la ẹnu, mo ní, "Ìyá, tíṣà wa ló ni ín."

"Tíṣà yín ló ń sán àrá?"

Mo ṣàlàyé ẹran omi, mo ṣàlàyé ọwọ́ mẹ́wàá. Ó béèrè pé irú ẹran wo ló ní ọwọ́ mẹ́wàá tí kò rí ọ̀kan fi di ayé mú. Mo ní kò sí èèyàn láyé nígbà náà ni. Ó wò mí bí ẹni tí àánú ń ṣe.

"Ọkọ mi, bí kò bá sí èèyàn, ta ló wá sọ fún tíṣà?"

Ó fi epo pupa pa òkúta náà lára, ó gbé e sínú àwo. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, àwa méjèèjì la jọ ń lọ síléèwé, kí òun gbọ́ ọ lẹ́nu tíṣà fúnra rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ì bá ti tẹ fóònù yín, yóò sì sọ fún yín pé kíkan ọsàn wẹ́wẹ́ ló ń jẹ òkúta náà lára. Èmi náà ti kà á níwé láti ìgbà yẹn. Ṣùgbọ́n ẹnu méjì péré la ní nígbà tiwa, ti tíṣà àti ti ìyá àgbà. Ọjọ́ tí àwọn méjèèjì ò bá sọ ohun kan náà, o dáràn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá àgbà wẹ̀, ó fi kélé, ìlẹ̀kẹ̀ Ṣàngó, sọ́rùn, ó fi aṣọ funfun bo àwo, ó sì gbé e rù. A bá tíṣà lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì. Ìyá sọ àwo kalẹ̀ sọ́wọ́, ó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì. Ó ní kí n bá òun bi í: ṣé tíṣà ló ni òkúta náà ni, àbí Ṣàngó? Mo gbé e sí Gẹ̀ẹ́sì. Tíṣà ṣí aṣọ. Ó rí epo. Ó rí i pé nọ́ńbà ti pa rẹ́, ara òkúta kò sì dán mọ́. Ó wá rọra sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì pé kí n bẹ ìyá, pé òun ló ni ín, pé ọ̀gá tó fún òun ti kú, kò sì sí nǹkan rẹ̀ mìíràn lọ́wọ́ òun.

Gbogbo kíláàsì ti kún ojú fèrèsé. Mo wo orúnkún ìyá lórí sìmẹ́ńtì.

"Ó ní kí ẹ máa gbé e lọ sílé, Ìyá. Ó ní ẹ kú oríire."

Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í wúre fún un: àrá ò ní sán pa á, yóò délé bá àwọn òbí rẹ̀ láyọ̀, yóò rí ìyàwó gidi fẹ́. Mo ń wá Gẹ̀ẹ́sì tí n ó fi tú u. Tíṣà na ọwọ́ sí àwo. Aṣọ funfun ló fà bo òkúta náà, ó tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa.

"Àmín, Mama," ló wí, ní Yorùbá tó já geere. "Ẹ rọra máa lọ."

Ìyá lọ. Tíṣà wọ kíláàsì, ó pè mí síwájú, ó sì nà mí ní ẹgba mẹ́fà. Mẹ́ta àkọ́kọ́, ó ní torí pé mo fi òkúta sílẹ̀ sínú òjò ni. Mẹ́ta tó kù, mo dúró kí ó sọ ohun tó wà fún, kò sọ. Bó bá jẹ́ torí irọ́ tí mo pa ni, kí ló dé tó fi ṣe àmín sí i?